Àìná Níwájú Kámẹ́rà: Ọmọ Yewa ní Lọ́ńdọ̀nù, 1862



Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, Camille Silvy, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya fọ́tò obìnrin adúláwọ̀ kan ní Bayswater, Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin náà la irun rẹ̀ sí méjì, ó wọ aṣọ olówó ńlá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ yí i ká. Sarah Forbes Bonetta ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àìná ni, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa.

Ogun Dàhómì ló kó ìlú rẹ̀ ní 1848. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú òun lọ. Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kì í ta ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n bá kó lójú ogun. Ṣe ni wọ́n ń pa á mọ́ de ọjọ́ ìrúbọ. Forbes bẹ Gezo, ọba Dàhómì, ní 1850, ọba sì yọ̀ǹda ọmọ náà, ó ní ẹ̀bùn ni fún Ọbabìnrin Victoria. Ẹ̀bùn! Ọmọ ènìyàn!

Ọbabìnrin náà ṣe dáadáa sí i, ó tọ́jú rẹ̀, ó rán an nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń yan ibùgbé fún Àìná: Freetown ní 1851, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà ní 1855. Ó kúkú dàgbà tán, wọ́n tún fẹ́ yan ọkọ fún un. James Davies ni, oníṣòwò Èkó, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone. Àìná kọ̀. Láti Brighton, níbi tí wọ́n rán an lọ, ó kọ̀wé sí ìyàwó míṣọ́nnárì Schoen, ẹni tí ó ń pè ní màmá, pé òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà. Níkẹyìn, ó gbà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1862.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó dé ọ̀dọ̀ Silvy. Fọ́tò ayé ìgbà yẹn gba sùúrù. Orí gíláàsì tí oògùn ara rẹ̀ kò tíì gbẹ ni wọ́n ti ń yà á, ẹni tí wọ́n ń yà kò sì gbọdọ̀ mira. Wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí wọ́n fi funfun ẹyin kùn, káàdì kékeré tí ọ̀rẹ́ ń fún ọ̀rẹ́. Nígbà tí àwọn kan bá ní oore ọbabìnrin ni fọ́tò yìí fi hàn, n kì í gbà. Ìyàwó tuntun ni mo rí níbẹ̀, ẹni tí ogun lé kúrò nílé, tí ó sì ń múra àtipadà sí Áfíríkà.

Ó padà lóòótọ́, ó sì gbé Èkó. Ikọ́ fée ló pa á ní Funchal, ní erékùṣù Madeira, ní 1880. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọkọ rẹ̀ gbé òkúta ìrántí ró fún un níbi oko kòkó rẹ̀ ní Ìjọn, ní ìwọ̀ oòrùn Èkó.

National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ni fọ́tò náà wà lónìí. Ẹ̀yin olùkọ́ ilẹ̀ Yewa, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri kíláàsì yín.