Ẹkún Rákélì àti Ìrètí Òbí Tó Ṣọ̀fọ̀ Ọmọ



Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù ilé-iṣẹ́ Sosoliso gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, ó forí lé Port Harcourt. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College ti Gidan Mangoro pọ̀ nínú rẹ̀. Ọlidé Kérésìmesì ni wọ́n ń bá lọ sílé. Ojú ọjọ́ kò dára, ọkọ̀ náà sì já bó ṣe fẹ́ balẹ̀. Nínú èèyàn 110, méjì péré ló yè é. Akẹ́kọ̀ọ́ Loyola 60 ló kú, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Pásítọ̀ Bímbọ́ Ọdúkọ̀yà, tó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn níyànjú lórí tẹlifíṣọ̀n, náà bá ìjàǹbá ọ̀hún lọ.

Bí ọmọdé bá kú láàárín wa, a máa ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: ó ṣì lè bí òmíràn. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ọjọ́ orí ìbímọ ti kọjá lára rẹ̀ fẹ́ fi agbè ṣe? Kí ni a fẹ́ wí fún ẹni tó pàdánù ọmọ mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn baba wa, àmọ́ ìtùnú inú Ìwé Mímọ́ jinlẹ̀ ju èyí lọ, nítorí kì í kánjú.

Nínú Jeremáyà orí 31, wọ́n rẹ Rákélì, tó ń sunkún nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, lẹ́kún títí, kò gbà. Ọlọ́run gbọ́ ẹkún náà tán. Nígbà tó wá ní kó nu omijé nù, ó ṣèlérí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń padà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù ní kí opó ìlú Náínì má sunkún mọ́, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ láàyè. Àwa tí a kò lè jí òkú, kí ló ń lé wa tí a fi ń pàṣẹ fún abiyamọ pé kó dákẹ́?

Jóòbù ni mo máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Ọmọkùnrin 7 àti ọmọbìnrin 3 ni ilé wó pa mọ́ ọn lójú lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ 7 tọ̀sán-tòru láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n ya ẹnu ni wọ́n tó dá kún ọgbẹ́ rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, àgùntàn 7,000 di 14,000, ràkúnmí 3,000 di 6,000, ṣùgbọ́n ọmọ 10 náà ló tún bí. Ó pẹ́ tí àwọn olùtúmọ̀ kan ti ń sọ ìdí rẹ̀: ẹran tó kú ti lọ pátápátá, àmọ́ àwọn ọmọ ìṣáájú ṣì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, nítorí náà ogún ni ọmọ Jóòbù. Mo gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí Dáfídì náà dì mú nìyẹn nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú: òun ni yóò tọ ọmọ lọ.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà láàárín wa mọ̀ pé nínú Súrà Yusuf, ìbànújẹ́ lórí ọmọ sọ ojú Yáqúbù di funfun, síbẹ̀ onísùúrù là ń pè é. Ànábì Muhammad pẹ̀lú sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù, bí ẹ bá wọ ilé ọ̀fọ̀ ọmọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ẹ jókòó. Ẹ pe orúkọ ọmọ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ irú ọmọ tó jẹ́.

Lọ́dún 2013, àwọn àlùfáà Jesuit ṣí Jesuit Memorial College ní ẹ̀bá Port Harcourt, ní ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Loyola 60 náà. Kò sí òbí tó gba ọmọ tirẹ̀ padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí wọn kò tún jẹ́ ẹrù àwọn òbí nìkan mọ́.