Ògiri Ẹlòmíì Ló Lanu

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà fọwọ́ ara rẹ̀ dá epo inú ọ̀pá rẹ̀ dúró. Láti Texas ni ọ̀pá náà ti lọ títí dé agbègbè New York, òun ló sì ń gbé nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún epo tí apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ń lò. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi tò níwájú ilé epo, irú ìtò tí ará Èkó mọ̀ dunjú. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì gba bitcoin 75, owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là nígbà náà.

Kò sí idán níbẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ kan ni wọ́n fi wọlé, lórí àkáǹtì àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì pa rẹ́. Joseph Blount, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pé pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún kì í ṣe yẹpẹrẹ. Bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí bá a láàárín ẹrù pásíwọ́ọ̀dù tó ti jò síta. Ó jọ pé òṣìṣẹ́ náà ti lò ó níbòmíì. Àkáǹtì náà ò sì béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù. Yorùbá ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọ̀. Ti Colonial tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ògiri ẹlòmíì ló lanu, ilé tiwọn ni aláǹgbá wọ̀.

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí nìyẹn. Pásíwọ́ọ̀dù tó le kò ran ẹni tó ń lo ẹyọ kan káàkiri lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi darí ojú aráyé síbòmíì. Ní 2003, Bill Burr, òṣìṣẹ́ NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, kọ ìlànà kan: kí pásíwọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Báńkì àti ọ́fíìsì gbà á bí òfin. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Adéọlá kọ Adeola1!; nígbà tí wọ́n ní kó pààrọ̀ rẹ̀, ó kọ Adeola2!. Olè náà mọ ìṣirò yẹn. Ní 2017, lẹ́yìn tí Burr ti fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Lọ́dún náà ni NIST yí ìlànà rẹ̀ padà: gígùn ló ṣe kókó, kí ẹnikẹ́ni má sì fipá mú èèyàn pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù àfi tó bá ti jò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, bí «agbon ilu sibi ojo», sàn ju Adeola2! lọ fíìfíì (kí ẹnikẹ́ni má lo èyí o, ó ti di títẹ̀ jáde).

Ṣùgbọ́n èyí tó gùn náà lè jò. Ní 2012, olè kó pásíwọ́ọ̀dù àwọn tó ń lo LinkedIn. Ní 2016 ló tó hàn pé iye wọn ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Òṣìṣẹ́ Dropbox kan tó lo pásíwọ́ọ̀dù kan náà ní ibi méjì ló ṣílẹ̀kùn tí wọ́n fi kó ti àwọn oníbàárà Dropbox tó lé ní mílíọ̀nù 60. Olè kì í jókòó tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kọ̀ǹpútà ló ń bá a gbé wọn kiri, tó ń dán wọn wò ní báńkì, ní ímeèlì, ní Facebook.

Kò sí orí tó lè há àádọ́ta pásíwọ́ọ̀dù. Ètò tó ń tọ́jú wọn wà, bíi Bitwarden, tàbí èyí tó ti wà nínú fóònù Android àti iPhone. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn, kó kọ wọ́n sínú ìwé nílé. Olè tó wà ní ìlú òkèèrè ò lè ṣí ìwé yẹn.

Ẹ̀rí kejì ló kù. Áàpù bíi Google Authenticator máa ń mú nọ́ńbà mẹ́fà jáde, tó ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ àkáǹtì, fóònù àti àkáǹtì náà jọ pín àṣírí kan. Àwọn méjèèjì ń fi aago ṣírò nọ́ńbà láti inú rẹ̀. Kò nílò dátà, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kóòdù tó ń gba inú SMS wá sàn ju àìní lọ, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àwọn ọmọ burúkú gba nọ́ńbà fóònù Jack Dorsey, ọ̀gá Twitter nígbà náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ń kọ ìsọkúsọ sórí àkáǹtì rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà tí ẹni tó ni ín bá pa tì fún ìgbà pípẹ́ lè di ti ẹlòmíì. Ẹni tó jápa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó fi síìmù sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, kó kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lára ímeèlì àti báńkì rẹ̀.

Olè orí WhatsApp kò tilẹ̀ nílò síìmù. Ọ̀rọ̀ á wá láti orí nọ́ńbà ẹni tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi dá a padà.» Kóòdù ìwọlé ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ni. Bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́, ó di kí gbogbo mọ̀lẹ́bí máa gba ìwé ẹ̀bẹ̀ owó lórúkọ wọn. Láti 2017 ni WhatsApp ti fàyè gba PIN tí ẹni tó ni àkáǹtì yóò yàn fúnra rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, kóòdù nìkan ò tó olè.

Ímeèlì ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àkáǹtì yòókù ń fi ọ̀nà ìtúnṣe ránṣẹ́ sí bí a bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn tí ẹ̀rí kejì bá ti dúró, Google lè fúnni ní kóòdù mẹ́wàá fún ọjọ́ tí wọ́n bá já fóònù gbà ní Ojúẹlẹ́gbà. Kí wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí bébà, kí wọ́n kó o sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bí wọ́n bá sì gba mẹ́wàá tuntun, ti àtijọ́ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́.