Ta Ni Ó Fọ́ Àwo?

Ọ̀rọ̀ gírámà ni a fẹ́ fi ṣe àṣàrò lónìí. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu, nítorí ohun tí ahọ́n ń ṣe kò jìnnà sí ohun tí ọkàn ń rò.

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé: yálà ènìyàn ṣe nǹkan, tàbí a ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì àtijọ́, èyí tí a fi kọ Májẹ̀mú Titun, ní ọ̀nà kẹta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ohùn àárín. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe a máa padà kan òun fúnra rẹ̀. Bí ará Gíríìkì bá wí pé louo, ẹlòmíràn ni ó ń wẹ̀. Bí ó bá wí pé louomai, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wẹ̀.

Ní Íńdíà pẹ̀lú, ṣáájú ìbí Olúwa wa, Panini, àgbà onígírámà èdè Sanskrit, ti ṣàlàyé irú ìyàtọ̀ yìí. Àlùfáà tí ó ń rúbọ fún ẹlòmíràn, yajati ni wọn yóò lò fún un. Ẹni tí ó ni ẹbọ, tí ó ń rú u fún ara rẹ̀, yajate ni. Lẹ́tà kan péré ni ó yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa àlùfáà wí, kí a má baà máa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ìjọ, kí a sì gbàgbé ọkàn tiwa.

Yorùbá kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, a lè wí pé, "Mo fọ́ àwo," a sì lè wí pé, "Àwo fọ́." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n nínú èkejì, ẹni tí ó ṣe é ti pòórá. Ọmọdé a tilẹ̀ wí pé, "Ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," gẹ́gẹ́ bí ọmọ Sípéènì ti ń wí pé se me rompió. Èyí kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí àwo a máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lóòótọ́. Ewu ibẹ̀ ni ìgbà tí àgbàlagbà bá sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́. "Owó ẹgbẹ́ ti dínkù." Ta ni ó ná an? "Ilé náà ti dàrú." Ta ni ó dà á rú?

Nínú Ìhìnrere Mátíù orí 27, ohùn àárín ni a fi sọ pé Pílátù wẹ ọwọ́ rẹ̀: ó wẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀, ẹ̀bi náà kò sì kúrò. Nínú Jòhánù orí 13, láti inú gbòǹgbò kan náà, Olúwa wa wẹ ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 22, ẹsẹ 16, Ananíà pàṣẹ fún Sọ́ọ̀lù pé kí ó gba ìrìbọmi, kí ó sì wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù. Ohùn àárín ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Sọ́ọ̀lù kò lè ri ara rẹ̀ bọmi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dìde ní ipò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Sákráméntì Ìlàjà rí. A kò lè dárí ji ara wa. Ọlọ́run ni ó ń dárí jì wá. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè bá wa jẹ́wọ́. Confiteor tí a ń wí ní èdè Látìn dà bí ohun tí a ṣe sí ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi gan-an ni mo jẹ́wọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà, kí a má ṣe wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kí a wí pé, "Mo ṣẹ̀." Kí a sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí a ṣẹ̀, kí oòrùn ọ̀sẹ̀ yìí tó wọ̀.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.