Ilé Tútù àti Owó Orí: Ọ̀rọ̀ Ìyá Kan Níbi Ayẹyẹ Ẹgbẹ́ Wa

 

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn, àmọ́ owó wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn tí a wọ ọdún 2026, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston pè mí. Ó ní, "Màámi, owó iná fẹ́ẹ̀ gbé owó oṣù mi mì. Ẹ bá mi yá owó lẹ́gbẹ́ kí n pààrọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe é ní ìjọba máa dá nínú owó náà padà." Mo ti gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ akọ̀wé! Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe ìṣirò owó orí lọ́hùn-ún.

Òótọ́ ni pé òfin kan wà láti ọdún 2022. Ẹni tó bá fi heat pump sílé, ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù nígbà ooru tó sì ń mú un gbóná nígbà òtútù, wọ́n á yọ 30 nínú 100 owó tó ná kúrò nínú owó orí ẹ̀, kò ṣáà ní ju $2,000 lọ lọ́dún. Ti fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ohun tí wọ́n ń kì sí àjà ilé kí ooru má wọlé, kò ju $1,200 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, wọn kì í kówó fún èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó ná $5,000 sórí heat pump, $1,500 ló kàn án. Bí owó orí tó jẹ lọ́dún náà bá jẹ́ $900, $900 náà ni wọ́n máa dárí ẹ̀ jì í. $600 tó kù ti bómi lọ nìyẹn, kò sún sí ọdún kejì.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 ti fòpin sí i. Ohun tí wọn ò bá tíì fi sílé tán kí December 31, 2025 tó kọjá, kò sí nínú ẹ̀ mọ́. Oníṣẹ́ yẹn ò sì sọ ọ́! Èmi ni ǹ bá máa san lóònù, ẹ̀yin oníduró mi ni wọn ì bá wá kanlẹ̀kùn fún.

Ọmọ mi ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ dí àwọn ihò tí ooru ń gbà wọlé ná. Èmi náà, lóònù tí mo gbà níjelòó, sílíìn ni mo fi ṣe, mo sì kun pánù òrùlé mi lọ́dà funfun. Ìjọba ò fún mi ní kọ́bọ̀, àmọ́ mo ń sùn lọ́sàn-án.

Ẹni tí ọmọ ẹ̀ bá ti ṣe tiẹ̀ kí 2025 tó parí, kó bi akáǹtánt ẹ̀ léèrè fọ́ọ̀mù 5695. Mo kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.