Ẹ̀dà Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹni



Ní 1899, ìwé àfọwọ́kọ tí àlùfáà Samuel Johnson kọ lórí ìtàn Yorùbá dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó. Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin. Ìwé náà sọnù. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, béèrè rẹ̀, òǹtẹ̀wé fèsì pé òun kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n òun ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Johnson kú ní 1901. Dókítà padà sídìí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún ìwé náà kọ. Ó di títẹ̀ ní 1921. Láti ìgbà náà, kò sí àṣìṣe ẹnì kan tó tún lè sọ ọ́ nù, torí ẹ̀dà rẹ̀ ti tàn ká ilé àti ìlú.

Agbára ìwé títẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń ní òórùn bébà ló ń fa ọkàn wa sí i. Èmi náà fẹ́ràn òórùn yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí ẹ bá rà lórí àtẹ, tiyín ni. Ẹ lè kọ̀wé sétí rẹ̀, ẹ lè fi yá ọ̀rẹ́, ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ní ti ìwé orí ẹ̀rọ, àṣẹ láti kà á ni ẹ sábà máa ń rà, ọwọ́ òǹtà ni ìwé gan-an ṣì wà.

Bí àpẹẹrẹ, ní oṣù keje 2009, Amazon yọ ìwé méjì tí George Orwell kọ, 1984 àti Animal Farm, kúrò nínú ẹ̀rọ Kindle àwọn tó ti sanwó, nítorí pé ẹni tó kó wọn wá sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà pe Amazon lẹ́jọ́: àkíyèsí tó kọ ṣẹ́kù, ojú ìwé tí àkíyèsí ń tọ́ka sí ti lọ. Ní 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ tirẹ̀ pa, gbogbo ìwé tí àwọn èèyàn rà níbẹ̀ sì pòórá. Wọ́n dá owó padà, wọ́n fi dọ́là 25 kún un fún àwọn tó ti kọ àkíyèsí sínú ìwé wọn. Irú èsì tí òǹtẹ̀wé fún Dókítà Johnson náà nìyẹn.

N kò kórìíra ìwé orí ẹ̀rọ. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè ra ìwé wa lálẹ́ òní, arúgbó lè sọ lẹ́tà di ńlá, ikán kì í sì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń rí àwọn akéwì wa ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ wọn kò sí níbòmíràn àfi orí fóònù, ó sì ń dùn mí. Ẹ̀yin akéwì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ iṣẹ́ yín sórí bébà, ì báà jẹ́ ogún ẹ̀dà péré. Ẹ fún ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn ní ọ̀kan, ẹ fún ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọ̀kan, kí ẹ pín ìyókù fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí kì í gbé ìlú kan náà.