Ọ̀tún Ta Ni?

Kókó ètò tòní ni àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń júwe ipò tí ẹ̀yà ara kan wà sí òmíràn.

Bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀, tí oníṣègùn dúró kọjú sí i, tí ó sì wí pé kíndìnrín ọ̀tún ni ó ní àrùn, ọ̀tún ta ni? Ọ̀tún aláìsàn ni. Ẹ̀dọ̀ wà ní apá ọ̀tún ikùn. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí ó kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́, ìhà òsì akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀dọ̀ náà yóò bọ́ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe fi ìdúró kan ṣe òṣùwọ̀n: ènìyàn nàró ṣánṣán, ó kọjú síwájú, apá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì kọ iwájú. Ì báà sùn, ì báà dorí kodò, ìdúró yẹn ni wọn yóò fi júwe rẹ̀. Ìhà orí ni òkè, ìhà ẹsẹ̀ ni ìsàlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré ọ̀rọ̀ àtẹ́lẹwọ́ yìí. Bí ó bá kọ iwájú, àtàǹpàkò a bọ́ sí òde, ìka tí ó kéré jù a bọ́ sí ìhà itan. Egungun méjì ni ó wà láàrin ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Nínú ìdúró yìí, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá yí sẹ́yìn, ọ̀kan a dábùú èkejì. Láìsí òṣùwọ̀n, ta ni yóò mọ èyí tí í ṣe ti òde?

Ipò kì í sì í dá dúró. Imú wà lókè ẹnu, ó wà nísàlẹ̀ iwájú orí. Ojú sún mọ́ àárín ara ju etí lọ, imú sì tún sún mọ́ ọn ju ojú. Ní apá àti ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti so mọ́ ara ni à ń wò: ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ èjìká ju ọrùn ọwọ́ lọ. Ti ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń là ní kíláàsì tún yàtọ̀, nítorí ilẹ̀ ni ikùn tirẹ̀ kọjú sí.

Yorùbá ti ń fi ẹ̀yà ara júwe ibi láti ìṣẹ̀ǹbáyé: orí igi, etí odò, ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn odi. Ó dùn gbọ́, ṣùgbọ́n ó lè dàrú mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́. Bí ìyá arúgbó bá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, láti ìbàdí dé ọmọ ìka ni ẹsẹ̀! Itan ni àbí ojúgun? Iwájú orúnkún ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀?

Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó béèrè pé kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn oorun, kí wọ́n wádìí bóyá a ti fàmì sí ibi tí a ó là, kí aláìsàn sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibẹ̀.