Ojú Tó Ń Ríran Kedere Náà Nílò Àyẹ̀wò
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ 10. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n ní kí èmi òṣìṣẹ́ báńkì sọ. Ojú ni mo mú, nítorí ojú ni ọba ara, gbogbo wa sì ti lé ní ogójì ọdún.

Awọ fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú tí àwọn dókítà ń pè ní rẹ́tínà. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran. Bí àtọ̀gbẹ bá pẹ́ lára, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ín ibẹ̀ jẹ́. Àwọn kan á máa jò, àwọn mìíràn á dí. Bí ọ́síjìn kò bá dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í hu iṣan tuntun. Àmọ́ iṣan ọ̀hún kò lágbára: ó lè ya, kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ojú, àpá rẹ̀ sì lè fa rẹ́tínà kúrò láyè rẹ̀. Àtọ̀gbẹ nìkan kọ́. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SC, tí a máa ń sọ pé tiwọn fúyẹ́ ju ti SS lọ, ni irú iṣan yìí wọ́pọ̀ jù lójú wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í dunni. Ẹni tó ń ríran kedere lè ti ní in. Kámẹ́rà ló ń tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n á kán oògùn sójú kí ọmọlójú lè fẹ̀, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ́tínà. Ojú á ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà, ẹ má fúnra yín wa mọ́tò lọ.

Ní báńkì, ìwé àkáǹtì oṣù kan kò tó láti mọ bí owó oníbàárà ṣe ń rìn. A ó gbé ti àtẹ̀yìnwá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ojú. Bí a bá gbé ti èṣí ti tọdún yìí, a ó mọ̀ bóyá iṣan tuntun ti yọ, tàbí bóyá èyí tí wọ́n fi léésà tàbí abẹ́rẹ́ tọ́jú ti ń gbẹ. Ẹ tọ́jú fọ́tò yín, kódà bí ẹ bá pààrọ̀ ilé ìwòsàn.

Ní England, ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yíya fọ́tò ojú àwọn alátọ̀gbẹ káàkiri. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo àkọsílẹ̀ 2009 sí 2010, àtọ̀gbẹ kọ́ ló ṣáájú mọ́ nínú ohun tó ń fọ́ ojú àwọn tó ṣì wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ ní England àti Wales. Ó ti ṣáájú fún ó kéré tán àádọ́ta ọdún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a máa ń dáwó fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ń rọ̀ wá kí a máa dáwó àyẹ̀wò ojú pẹ̀lú, lọ́dọọdún, fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ṣì ń rìn. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun.

Ojú wa kò ní fọ́.